Ẹ̀kọ́ Lórí Pípọ́n Ọ̀bẹ Ilé Ìdáná Lórí Òkúta

Kò sí ilé kan ní ìlú tàbí ní abúlé tí kò ní ọ̀bẹ. Ilé tí kò ní àga lè wà, ilé tí kò ní tábìlì lè wà, ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá ti ń dáná ni a óò ti bá ọ̀bẹ. Òun ni a fi ń bẹ iṣu, òun ni a fi ń rẹ́ ilá, òun ni a fi ń gé ẹran, òun náà ni a fi ń la inú ẹja. Síbẹ̀, irinṣẹ́ tí a ń lò lójoojúmọ́ báyìí ni a kì í sábà tọ́jú. A óò máa lò ó títí yóò fi kújú, nígbà tí ó bá sì kújú tán, a óò máa fi agbára apá wa ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí ojú ọ̀bẹ ṣe. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni bí a ti ń pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta títí yóò fi mú dáradára. Ẹ̀kọ́ náà kò le, owó tí yóò ná wa kò pọ̀, tọkùnrin tobìnrin ni ó sì lè kọ́ ọ.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ní ìdí tí mo fi yan ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, ìyá mi ń din dùndún tà ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ìdájí ọjọ́ kan, bí ó ti ń bẹ iṣu kan tí ó le, ọ̀bẹ rẹ̀ yọ̀ kúrò lára iṣu, ó sì wọ ọwọ́ òsì rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá, egbò náà sì jinná, ṣùgbọ́n ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ náà kò ṣeé ká mọ́ títí di òní olónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lè jókòó ti agbada. Owó ìdánwò mi tí à ń retí láti inú ọjà rẹ̀ kò sí mọ́; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó yá wa lówó tí a fi san án.

Gbogbo àwọn tí ó wá kí ìyá mi ni ó ń bú ọ̀bẹ náà pé ó mú jù. Ẹnì kan ṣoṣo, bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa, ni ó ní kí a gbé e wá kí òun wò ó. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó mi orí, ó ní: "Ìyá olódùndún, pẹ̀lẹ́ o. Mímú ọ̀bẹ kọ́ ni ó ṣe ọ́ báyìí, kíkú rẹ̀ ni." Ó yíjú sí mi, ó ní: "Ìwọ ọmọkùnrin, gbé ọ̀bẹ yìí, kí o máa bọ̀ ní ìsọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la." Lórí òkúta tí bàbá náà fi ń pọ́n irinṣẹ́ tirẹ̀ ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín.

ÌDÍ TÍ Ọ̀BẸ TÍ Ó KÚJÚ FI LÉWU

Ọ̀rọ̀ bàbá náà lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ojú ọ̀bẹ tí ó mú tín-ín-rín púpọ̀, nítorí náà agbára díẹ̀ tí ọwọ́ wa fi sí i yóò kó jọ sí ojú kan, yóò sì wọ inú ohun tí a ń gé. Ojú ọ̀bẹ tí ó kú ti di pẹlẹbẹ. Agbára kan náà yóò fọ́n ká orí rẹ̀, kò sì ní í wọlé. Kí ni àwa yóò ṣe? A óò tún fi kún agbára náà. Níbi tí a ti ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀bẹ yóò ti yọ̀, agbára ńlá yẹn kò sì ní ibi tí yóò lọ ju ọwọ́ kejì tí ó di iṣu mú. Ẹni tí ó ń lo ọ̀bẹ mímú kì í tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, bí ó bá sì ṣèèṣì yọ̀, kì í sábà jìnnà.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Ọ̀bẹ tí ó kú kì í gé ẹ̀fọ́, ńṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́; omi ara rẹ̀ yóò dà sílẹ̀, ewé náà yóò sì dúdú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àlùbọ́sà. Ohun tí ń ta wá lójú wà nínú omi ara àlùbọ́sà. Bí ọ̀bẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ fọ́ sí i ni atẹ́gùn atanilójú náà ń jáde sí i. Ẹ pọ́n ọ̀bẹ yín, omijé yín ní ìdí ààrò yóò dínkù.

IṢẸ́ ÀTIJỌ́ NI

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà àjèjì ni kí a pọ́n nǹkan lórí òkúta. Kí irin tó dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ walẹ̀ nínú Ihò Eléérú ní ẹ̀bá Ìsàrún, ní agbègbè Àkúrẹ́. Lára àwọn ohun tí a rí nínú ihò náà ni àáké òkúta tí a ti fi ọwọ́ ha lórí òkúta mìíràn títí ojú rẹ̀ fi mú tí ó sì ń dán. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ wa máa ń hú jáde nínú oko lẹ́yìn òjò, tí àwọn àgbà sì ń pè ní ẹdùn àrá. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan ojú ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ tí a fẹ́ kọ́ lónìí gan-an ni ẹ fi ọwọ́ kàn.

IRIN TÍ A FI ṢE Ọ̀BẸ

Oríṣi ọ̀bẹ méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé wa. Èkíní ni èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ láti ara irin sípíríńgì ọkọ̀ tí ó ti gbó. Irin yìí dára púpọ̀: ó rọrùn láti pọ́n, ojú rẹ̀ sì lè mú bí abẹ, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ nínú omi yóò dípẹtà kíákíá. Èkejì ni ọ̀bẹ funfun tí ń dán, tí a rà ní ọjà. Harry Brearley ti ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe irú irin yìí jáde ní ọdún 1913. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó tètè dípẹtà ni pé a fi irin mìíràn tí a ń pè ní kúrómíọ̀mù lú u, èyí tí kì í dín ní 10.5 nínú 100. Òun náà ṣeé pọ́n, ṣùgbọ́n yóò gba sùúrù díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń sọ ọ̀bẹ di kíkú. Èkíní, ojú rẹ̀ tí ó tín-ín-rín a máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ó bá kan ohun líle. Èkejì, a máa ya ní kékeré kékeré tí ojú wa kò lè rí. Ẹ̀kẹta, a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó. Iṣẹ́ ìpọ́nbẹ kò ju pé kí a ha ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀bẹ títí wọn yóò fi tún pàdé ní ojú kan tí ó tín-ín-rín. Ẹni tí ó bá mọ gbólóhùn kan yìí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà.

ÀWỌN ÒKÚTA ÌPỌ́NBẸ

Òkúta ìpọ́nbẹ kan wà tí Ọlọ́run dá sínú ilẹ̀. Ilẹ̀ Jápàànù ní irú rẹ̀ ní agbègbè Kyoto, níbi tí wọ́n ti ń wà á láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rúndún. Ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà ní tirẹ̀. Agbègbè Vielsalm ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù náà ní tirẹ̀. Òmíràn sì wà tí ènìyàn ṣe. Ní ọdún 1891, Edward Acheson, ará Amẹ́ríkà, fi iná mànàmáná yan amọ̀ àti èédú líle tí a lọ̀, ó sì rí àwọn horo kan tí ń dán, tí ó le ju irin lọ púpọ̀. Ohun yìí ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta eléérú tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà títí di òní.

Nọ́ńbà tí a kọ sí ara òkúta ni yóò sọ bí ó ti kúnná tó. Bí nọ́ńbà náà bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni horo rẹ̀ ti kéré tó. Àwọn òkúta tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 200 sí 400 ní horo ńlá; ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ ti ya tàbí tí ó ti kú pátápátá ni a fi wọ́n ń tún ṣe. Èyí tí ó jẹ́ 800 sí 1,200 ni ti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òkúta kan ṣoṣo ni owó yín ká, 1,000 ni kí ẹ rà. Èyí tí ó jẹ́ 3,000 sí 8,000 ni a fi ń mú kí ojú ọ̀bẹ dán kí ó sì mú bí abẹ. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 70 nínú 1,000 mílímítà kan. Gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀ Jápàànù, horo òkúta 1,000 tó nǹkan bí 12, ti òkúta 8,000 kò sì fi púpọ̀ ju 1 lọ. Ẹ wo bí ohun tí ń ha irin náà ti kéré tó! Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìkánjú nínú iṣẹ́ náà.

Òkúta alápá méjì tún wà, tí apá kan rẹ̀ ní horo ńlá tí apá kejì sì kúnná. Èyí dára fún ilé tí kò fẹ́ ra méjì.

Òkúta kan ń fẹ́ omi, òmíràn ń fẹ́ òróró. Èyí tí ń fẹ́ omi, ẹ rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, títí omi kò fi ní í hó lára rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó kúnná púpọ̀ tí wọn kò fẹ́ rírì, omi tí a wọ́n sí wọn lórí ti tó. Èyí tí ń fẹ́ òróró, epo fẹ́lẹ́ irú èyí tí a ń ta sí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó dára fún un. Ẹ má ṣe lo epo pupa tàbí òróró ìdáná, nítorí yóò gan mọ́ òkúta lára, yóò sì dí i. Òkúta tí a bá ti fi òróró sí, kí a má ṣe sọ ọ́ di ti omi mọ́.

BÍ A TI Ń ṢE É

1. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sórí tábìlì tàbí pákó tí kò mì, kí ẹ sì gbé òkúta lé e, kí ó má baà yọ̀. Kí àwọn ọmọdé jìnnà sí ibẹ̀.

2. Ẹ mú èèkù ọ̀bẹ ní ọwọ́ ọ̀tún, kí ojú ọ̀bẹ kọ sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ gbé e lé orí òkúta, kí ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ bá sùn pátápátá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó máa ha, ojú rẹ̀ kò ní í kan òkúta. Bí ó bá sì ga jù, ojú náà yóò tún pa. Ìwọ̀n tí ó dára fún ọ̀bẹ ilé ìdáná ni dígírì 15 sí 20. Báwo ni ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ìwọ̀n yóò ti mọ̀ ọ́n? Ẹ wọn fífẹ̀ ọ̀bẹ láti ojú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn náà sókè ní ìdá kan nínú mẹ́rin fífẹ̀ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dígírì 15 gan-an. Bí ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 20. Fún àpẹẹrẹ, ọ̀bẹ tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 4, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ní sẹ̀ńtímítà 1. Ọ̀bẹ ẹran àti ti ẹ̀fọ́, ẹ fún un ní 15. Èyí tí ẹ fi ń bẹ iṣu tí ẹ sì fi ń ṣe iṣẹ́ líle, ẹ fún un ní 20, kí ojú rẹ̀ lè lágbára.

3. Ẹ fi ìka méjì tàbí mẹ́ta ọwọ́ òsì tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ ní ibi tí ẹ fẹ́ pọ́n, kí ìka má ṣe sún kọjá ojú rẹ̀. Ẹ tì í síwájú, ẹ fà á padà, ní gbogbo gígùn òkúta. Ìgbà tí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ń ṣáájú ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ń ṣáájú, kí ẹ dẹ ọwọ́. Agbára tí a fi ń nu tábìlì ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀bẹ, kí ẹ máa sún lọ díẹ̀díẹ̀ dé ṣóńṣó, kí apá kan má ṣe gba ju òmíràn lọ. Níbi tí ọ̀bẹ bá ti yí ní ṣóńṣó, ẹ gbé èèkù sókè díẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè máa kan òkúta. Lórí òkúta olómi, ẹrẹ̀ dúdú kan yóò jáde. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ nù, òun náà ń bá yín ṣiṣẹ́.

4. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ nu ọ̀bẹ, kí ẹ sì fi orí àtàǹpàkò fà á jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn lọ sí ojú, ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí ẹ kò tíì pọ́n. Ẹ má ṣe fi ìka rìn ní gígùn ojú ọ̀bẹ láéláé. Bí iṣẹ́ bá ti dé ojú àmì, ẹ óò rí i pé fọ́nrán irin kékeré kan ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ náà, yóò sì máa há mọ́ ìka. Fọ́nrán yìí ni ẹlẹ́rìí pé òkúta ti dé ojú ọ̀bẹ gan-an. Bí kò bá tíì sí ní gbogbo gígùn ọ̀bẹ, láti ìdí dé ṣóńṣó, iṣẹ́ kò tíì parí, kí ẹ má sì ṣe yí i padà.

5. Nígbà tí ó bá pé, ẹ yí ọ̀bẹ padà, kí ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín, kí ẹ sì ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà, ní ìwọ̀n kan náà, títí fọ́nrán irin náà yóò fi padà sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́.

6. Nísinsìnyí ẹ bọ́ sórí òkúta tí ó kúnná. Ẹ dín agbára kù. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kan ní ìgbà márùn-ún, ẹ ṣe èkejì ní márùn-ún. Ẹ tún ṣe é ní mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ wá ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà, títí tí ọwọ́ yín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Báyìí ni fọ́nrán irin náà yóò ṣe máa tín-ín-rín sí i títí yóò fi kúrò. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ yóò rò pé ọ̀bẹ òun mú, ṣùgbọ́n kò ní í pé ọjọ́ méjì tí fọ́nrán náà yóò tẹ̀ tí ọ̀bẹ yóò sì tún kú.

7. Ní ìparí, ẹ fi awọ nù ún. Bẹ́líìtì awọ tí ó ti gbó tí a kàn mọ́ pákó dára fún èyí. Àwọn onígbàjámọ̀ wa mọ iṣẹ́ yìí dáradára, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí abẹ wọn. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ó máa ṣáájú, kì í ṣe ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò gé awọ náà. Ìgbà mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó.

Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọ lè lo ìdajì wákàtí lórí ọ̀bẹ kan. Kí ó má ṣe bínú. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ́ kí n fi odidi ọ̀sẹ̀ kan pọ́n irin tí ó ti bàjẹ́ kí ó tó gbà mí láyè láti fọwọ́ kan ọ̀bẹ ìyá mi. Nígbàkígbà tí mo bá ń yára, yóò ní: "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ìgbà náà ni mo rí i pé kì í ṣe agbára ni ó ń pọ́n ọ̀bẹ, bí kò ṣe kí ọwọ́ dúró ní ìwọ̀n kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

BÍ A TI Ń MỌ̀ PÉ Ó TI MÚ

Ẹ gbé ojú ọ̀bẹ sókè sí oòrùn kí ẹ wò ó tààrà. Ojú tí ó kú a máa dán bí okùn funfun tín-ín-rín. Ojú tí ó mú kò ní ohun tí yóò dán, nítorí kò ní ibi pẹlẹbẹ tí ìmọ́lẹ̀ lè sùn lé. Lẹ́yìn èyí, ẹ di ìwé pẹlẹbẹ kan mú ní òkè, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e láti etí wá sí ìsàlẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí gan-an dára fún un, nígbà tí gbogbo ilé bá ti kà á tán. Bí ó bá gé e láìfà á ya, ó ti mú. Ìdánwò kẹta ni tòmátò tí ó pọ́n: ọ̀bẹ mímú yóò wọ èèpo rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

ÀṢÌṢE TÍ A NÍ LÁTI YÀGÒ FÚN

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ha ọ̀bẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn tàbí mọ́ òkúta ẹ̀yìnkùlé. Fún àdá oko, kò burú púpọ̀. Ṣùgbọ́n horo ibẹ̀ tóbi, kò sì dọ́gba, nítorí náà yóò jẹ irin náà ní àjẹjù, yóò sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ bí eyín ayùn.

Àwọn ẹlòmíràn a máa gbé ọ̀bẹ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́ pọ́n ọ̀bẹ kiri àdúgbò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe dáradára sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun kan: bí kẹ̀kẹ́ náà bá ń yí kíkankíkan tí a kò sì ta omi sí i, irin yóò gbóná. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀bẹ ti yí sí àwọ̀ aró, iná ti mú líle tí alágbẹ̀dẹ fún un kúrò, kò sì ní í lè mú pẹ́ mọ́. Òkúta tí a fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ kì í fa irú èyí.

Òkúta fúnra rẹ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Àárín rẹ̀ a máa jìn bí a ti ń lò ó, ọ̀bẹ kò sì lè tọ́ lórí òkúta tí ó ti wọ́. Ẹ tẹ́ sánpépà lé orí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ sì ha òkúta náà lé e títí yóò fi tún tẹ́jú.

BÍ OWÓ ÒKÚTA KÒ BÁ TÍÌ SÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé nítorí tálákà ni òun, òun kò lè pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ dojú àwo tàbí ago tángaran bolẹ̀. Ẹ óò rí òbìrí kan ní ìdí rẹ̀ tí kò ní àwọ̀ dídán lórí. Ibẹ̀ le ju irin ọ̀bẹ lọ, horo rẹ̀ sì kúnná. Bí ọ̀bẹ kò bá tíì kú púpọ̀, ẹ fà á níbẹ̀ ní ìwọ̀n tí a ti sọ, ìgbà mẹ́wàá ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì padà bọ̀ sípò. Kì í ṣe àrọ́pò òkúta, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a fi ọ̀bẹ kíkú bẹ iṣu lọ.

ÌTỌ́JÚ Ọ̀BẸ ÀTI TI ỌWỌ́

Lẹ́yìn tí a bá pọ́n ọ̀bẹ tán, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí a tó fi gé oúnjẹ, nítorí èérún irin àti òkúta wà lára rẹ̀. Kí a nù ún gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìlò. Orí pákó ni kí a ti máa gé nǹkan, kì í ṣe nínú àwo irin tàbí lórí sìmẹ́ǹtì. Kí a má ṣe fi ọ̀bẹ ẹran ṣí agolo, kí a má sì ṣe fi gé egungun. Iṣẹ́ àdá ni ìyẹn. Kí a má ṣe jù ú sínú omi abọ́ tí a fẹ́ fọ̀, níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn yóò ti lọ bá a láìròtẹ́lẹ̀. Kí a fi í sínú àkọ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n àkọ̀ tí a fi páálí nínípọn tàbí igi ṣe yóò dáàbò bo ojú ọ̀bẹ àti ìka àwọn ọmọ wa pọ̀.

Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn, kí a fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Kí a má ṣe fi ilẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ẹran sí i, nítorí inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran gan-an ni kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Bí egbò bá jìn, tàbí bí ìka kò bá ṣeé ká tàbí ṣeé nà, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Iṣan tí ó já ṣeé so pọ̀ bí a bá tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí ni a kò mọ̀ nígbà tí ti ìyá mi ṣẹlẹ̀. A rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, a sì rò pé ó ti tán.

Ìyá mi ṣì wà láyé. Kò din dùndún tà mọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bẹ iṣu fún òun. Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i, ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbé lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn omi mímu ni ọ̀bẹ rẹ̀. Èmi yóò rì òkúta sínú omi, yóò sì jókòó tì mí, yóò máa wo ọwọ́ mi. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bẹ kì í pọ́n ara rẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé ni yóò ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jẹ́ ìwọ tí ó ń kà á, tàbí ìwọ tí ó ń gbọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìdí tí ọ̀bẹ tí ó kújú fi lè ṣe ènìyàn léṣe ju èyí tí ó mú lọ?
2. Bí ọ̀bẹ kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 6, báwo ni ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ti ga tó lórí òkúta kí ó lè jẹ́ nǹkan bí dígírì 20?
3. Àmì wo ni yóò fi hàn wá pé ó tó àkókò láti yí ọ̀bẹ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì?
4. Kí ni àwọ̀ aró ní ojú ọ̀bẹ ń sọ fún wa?
5. Kí ẹnì kan mú ọ̀bẹ ilé rẹ̀ wá sí yàrá ìkàwé ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a jọ pọ́n ọn, kí a sì fi ìwé dán an wò.